Ọmọ 7 ní kíláàsì, àfojúsùn 80%: báwo la ṣe ń tọpa ìlọsíwájú ọmọ ní ilé-ìwé ìgbèríko?

TíṣàÌgbèríko

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Èmi ni ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kékeré kan ní ìgbèríko. Gbogbo ọmọ wa jẹ́ 61, àwa olùkọ́ jẹ́ 4. Èmi náà ń kọ́ kíláàsì kẹrin pẹ̀lú iṣẹ́ ọ̀gá tí mò ń ṣe.

Lẹ́tà kan dé lọ́sẹ̀ tó kọjá láti ọ́fíìsì tó ń bójú tó wa. Wọ́n ní èsì ìdánwò ìwé kíkà kíláàsì kẹrin ti já wálẹ̀ láti 67% sí 56%, pé kí n kọ àfojúsùn tí yóò gbé e dé 80% lọ́dún yìí, kí n sì ṣàlàyé bí n ó ṣe máa tọpa rẹ̀. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, mo wá mú ìwé àkọsílẹ̀ mi jáde. 67% tí wọ́n ń sọ yẹn, ọmọ 8 ló yege nínú 12. Èṣí, ọmọ 9 ló wà ní kíláàsì, 5 yege. Lọ́dún yìí, 7 péré ni wọ́n. Bí 5 bá yege nínú ọmọ 7, 71% ni. Bí 6 bá yege, ó ti di 86%. 80% kò tiẹ̀ sí láàrin wọn.

Mi ò sọ pé kò sí iṣẹ́ láti ṣe o. Àwọn ọmọ 4 tó fìdí rẹmi èṣí ń dùn mí, mo mọ ojú wọn, mo mọ ilé wọn. Ọ̀kan nínú wọn dé bá wa láti ilé-ìwé mìíràn nígbà tó ku oṣù 2 kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ kọ àfojúsùn tí yóò ran ọmọ lọ́wọ́ ní tòótọ́, tí mo sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà níwájú ọ́fíìsì. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é níbi tí ọmọ ò ti pọ̀, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dúró, tó jẹ́ pé ìwé àti bírò la ní?

---

OníṢírò

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Kí n tó sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ọdún tó ṣáájú ọdún méjèèjì yẹn ńkọ́? Ọmọ mélòó ló wà ní kíláàsì kẹrin, mélòó ló yege?

---

TíṣàÌgbèríko

Ó wà nínú ìwé mi. Ọmọ 11, 6 yege.

---

OníṢírò

Ẹ ṣeun, mà. Ẹ wò ó báyìí: 55%, 67%, 56%. Ẹni tó rí méjì tó gbẹ̀yìn nìkan yóò ní ilé-ìwé yín já wálẹ̀. Ẹni tó rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò rí i pé ọdún àárín ló ga, tí èṣí padà sí ibi tí ẹ ti ń bọ̀.

Èyí tó ká mi lára jù nìyí. Ká ní ọmọ 1 péré ló tún yege sí i èṣí, ó di 6 nínú 9. Ẹ ṣírò rẹ̀: 67% ni, bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú 8 nínú 12. Lẹ́tà yẹn kì bá tí dé. Ọmọ kan ṣoṣo ló mú un wá, ẹ sì ti sọ fún wa pé ọ̀kan nínú àwọn tó fìdí rẹmi kò tíì lò ju oṣù 2 lọ́dọ̀ yín. Ní ilé-ìwé tí ọmọ 120 ti jókòó fún ìdánwò, ọmọ kan kò tó 1%. Lọ́dọ̀ yín lọ́dún yìí, ọmọ kan ju 14% lọ. Ibà tó bá mú ọmọ kan lọ́jọ́ ìdánwò lè sọ olùkọ́ rere di olùkọ́ burúkú lórí ìwé.

Ohun tí mo máa ń gbà wọ́n nímọ̀ràn ni pé kí wọ́n da ọdún 3 pọ̀. 11 àti 12 àti 9 jẹ́ 32. 6 àti 8 àti 5 jẹ́ 19. 19 nínú 32 jẹ́ 59%. Nọ́ńbà yẹn lẹ lè gbára lé díẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ yọ ọdún tó pẹ́ jù kúrò, kí ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Bí 59% yẹn bá ń gòkè díẹ̀díẹ̀, a jẹ́ pé nǹkan ń yí padà lóòótọ́.

Kì í ṣe àwa nìkan la rí ìṣòro yìí. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ilé-ìwé ìgbèríko ti pọ̀ bíi yanrìn, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní iye ọmọ tó kéré jù tí ẹgbẹ́ kan gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n tó lè fi èsì rẹ̀ ṣèdájọ́ ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ wọn mú nǹkan láàrin 10 sí 30. Ìdí kìíní ni pé èsì ọmọ díẹ̀ máa ń fò sókè sódò láìnídìí. Ìkejì ni pé bí ọmọ bá kéré níye, gbogbo ìlú á ti mọ èyí tó fìdí rẹmi.

---

Àǹtí_ABD

Ẹ kú ìdúró, mà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n OníṢírò dáa, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n gba ọ̀nà mìíràn wọlé, nítorí ọmọ kéékèèké lèmi ń kọ́.

"Yege" àti "kò yege" kò sọ ohun tí ọmọ mọ̀ fún yín. Ọmọ méjì lè jọ fìdí rẹmi, kí ọ̀kan lè ka ìpínrọ̀ kan já kó kàn má mọ ìtumọ̀ ohun tó kà, kí èkejì má sì mọ ìyàtọ̀ láàrin b àti d. Tí ẹ bá kó àwọn méjèèjì pọ̀ sínú "44% tí kò yege", ẹ ò lè ran ìkankan nínú wọn lọ́wọ́.

Ohun tí mo ń lò wá láti Íńdíà. Láti 2005 ni àjọ Pratham ti ń ṣe àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní ASER ní àwọn abúlé Íńdíà. Àwọn ọ̀dọ́ tó yọ̀ọ̀da ara wọn a máa lọ láti ilé dé ilé (ilé ni wọ́n ń lọ, kì í ṣe ilé-ìwé, kí wọ́n lè bá ọmọ tí kì í wá sílé-ìwé náà pàdé), wọ́n á sì gbé ìwé pélébé kan síwájú ọmọ ọdún 5 sí 16. Ìpele tó wà níbẹ̀ kò pọ̀: lẹ́tà, ọ̀rọ̀, ìpínrọ̀ kúkúrú, ìtàn. Ibi tí ọmọ bá ti dúró ni wọ́n á kọ sílẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ lórí ọmọ kan, ẹni kan sí ẹni kan, kò sì gba kọ̀ǹpútà.

Mo jókòó ti ọmọkùnrin kan ní kíláàsì kẹrin báyìí nígbà kan. Ìwé rẹ̀ mọ́, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára ju ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí ó mọ bí a ti ń da ohun tó wà lójú pátákó kọ. Mo fi ìpínrọ̀ hàn án. Kò wo ìwé. Ojú mi ló ń wò, ó ń wá ohun tí ẹnu mi fẹ́ sọ kó lè sọ ọ́ ṣáájú mi. Mo fọwọ́ bo ẹnu mi, mo ní kó wo ìwé. Ó dákẹ́. A padà sí ọ̀rọ̀, ó dákẹ́. A dé orí lẹ́tà, ó mọ 9. Ọdún 4 ló ti lò nílé-ìwé, gbogbo sáà ni wọ́n sì ń kọ "ó ń gbìyànjú" sí káàdì rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo fi ìdánwò ìparí ọdún nìkan sílẹ̀.

Nítorí náà, mà, kí ẹ tó kọ àfojúsùn kankan, ẹ bá ọmọ 7 yẹn jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ mọ ibi tí kálukú wà ná.

---

Bàbá_Ọlọ́mọMẹ́ta

Èmi kì í ṣe tíṣà o, òbí ni mí, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Káàdì tí ọmọ mi ń mú bọ̀ nílé, "ipò kẹta nínú 9" ló máa ń wà níbẹ̀. Inú mi a dùn. Mo wá ní kó ka lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n mi kọ sí mi, kò lè kà á. Ẹni tó ṣe ipò kẹta! Mo wá rí i pé bí gbogbo kíláàsì bá wà nísàlẹ̀, ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ ṣe ipò kìíní níbẹ̀.

Ẹ bá wa sọ ohun tí ọmọ lè ṣe fún wa. "Ó lè ka gbólóhùn, kò tíì lè ka ìpínrọ̀." Ìyẹn nìkan. Èmi tí mi ò kàwé púpọ̀, mo lè fi ìyẹn ṣiṣẹ́ nílé.

---

HẹdimásítàTóFẹ̀yìntì

Ọmọ mi, mo kí ọ. Ọdún 34 ni mo fi ṣiṣẹ́ yìí, mo sì mọ bí irú lẹ́tà yẹn ti ń rí lọ́wọ́ ẹni. Má jẹ́ kó dẹ́rù bà ọ́. Ṣùgbọ́n ewu kan wà nínú àfojúsùn tí a fi ìdá kan ṣoṣo gbé kalẹ̀, ó sì yẹ kí n sọ ọ́.

Ní oṣù kìíní 2002, ààrẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin kan tí wọ́n ń pè ní No Child Left Behind. Òfin náà ní nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ 2013 sí 2014 bá fi máa parí, gbogbo ọmọ pátá, 100%, gbọ́dọ̀ ti dé ojú ìwọ̀n nínú ìwé kíkà àti ìṣirò. Ilé-ìwé tí kò bá bá ìwọ̀n ọdọọdún mu, ìyà ń bẹ fún un. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ kò burú, ta ni kò fẹ́ kí gbogbo ọmọ mọ̀wé? Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Àwọn olùkọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í dojú kọ ọmọ tó ku díẹ̀ kó yege, nítorí òun ló lè tètè gbé ìdá wọn sókè. Ọmọ tó jìnnà sẹ́yìn, wọ́n fi í sílẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, àmọ́ ohun tí nọ́ńbà yẹn ń sọ fún wọn láti ṣe gan-an nìyẹn.

Ibi tó burú jù ni Atlanta, ìlú ńlá kan níbẹ̀. Ìròyìn ìwádìí tí ìjọba ìpínlẹ̀ gbé jáde ní 2011 sọ pé nínú ilé-ìwé 56 tí wọ́n yẹ̀ wò, wọ́n rí èrú nínú 44, wọ́n sì dárúkọ olùkọ́ àti ọ̀gá ilé-ìwé 178 pé ọwọ́ wọn wà níbẹ̀. Àwọn àgbàlagbà ń pa ìdáhùn ọmọ rẹ́, wọ́n ń kọ èyí tó tọ̀nà sí i. Ẹ rò ó wò: ọmọ tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún, ìwé sọ pé ó mọ̀wé, nítorí náà kò sẹ́ni tí yóò tún dúró kọ́ ọ. Wọ́n jí ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ gbé. Ní 2015, ilé-ẹjọ́ dá 11 nínú wọn lẹ́bi. Ní oṣù kejìlá ọdún kan náà ni wọ́n fi òfin mìíràn rọ́pò ti 2002.

Mi ò sọ pé ìwọ yóò ṣèrú. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí o kọ àfojúsùn tí ọmọ tó gbẹ̀yìn náà yóò wà nínú rẹ̀.

---

AlábòójútóẸ̀kọ́

Ẹ̀yin bàbá wa, mo dọ̀bálẹ̀. Irú ọ́fíìsì tó ń kọ lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ kí n gbà á sọ, nítorí mi ò fẹ́ kí a rò pé ibi là ń fẹ́.

Ilé-ìwé 23 ló wà lábẹ́ mi, àwọn kan jìnnà débi pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni mo ń débẹ̀. Tí mi ò bá ní nọ́ńbà kankan lọ́wọ́, báwo ni n ó ṣe mọ ibi tí ilé ti ń jò? Kí wọ́n tó máa béèrè nọ́ńbà, ilé-ìwé kan wà tí gbogbo ìròyìn rẹ̀ ń sọ pé "gbogbo nǹkan ń lọ déédéé". Nígbà tí a wá kà á, ọmọ kíláàsì kẹfà mẹ́ta péré ló lè kàwé níbẹ̀. Ẹnu dídùn ló bo àwọn ọmọ yẹn mọ́lẹ̀.

Òfin 2002 tí bàbá mẹ́nu bà, ohun kan wà tó ṣe tí mi ò lè gbàgbé. Ó fipá mú ilé-ìwé láti fi èsì àwọn ọmọ aláìní, ọmọ tó ní àbùkù ara, àti ọmọ tí èdè ilé-ìwé kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀ hàn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kó tó di ìgbà yẹn, àròpọ̀ ilé-ìwé ló ń bò wọ́n. Ó tún ní ó kéré tán 95% àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ jókòó fún ìdánwò, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní kí aláìmọ̀wé dúró sílé lọ́jọ́ náà. Òfin tó rọ́pò rẹ̀ kò sọ ìyẹn nù.

Nítorí náà, mà, ẹ má ṣe kọ̀wé padà pé nọ́ńbà kò wúlò. Ẹ fún wọn ní nọ́ńbà tó dára ju èyí tí wọ́n béèrè lọ.

---

TíṣàÌgbèríko

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ̀yin bàbá, ẹ kú ìtọ́sọ́nà. Ọ̀gá Alábòójútó, mo gba ọ̀rọ̀ yín, n ò ní jiyàn pẹ̀lú nọ́ńbà.

Ní alẹ́ àná mo gbé rẹ́jísítà èṣí kalẹ̀ sábẹ́ iná. Ojoojúmọ́ la ń pe orúkọ, a ń fi tádà pupa sàmì ẹni tí kò wá, a ń kọ àròpọ̀ sísàlẹ̀. Rẹ́jísítà ń sọ iye ọmọ tó wá lónìí fún wa. Kò sí ẹni tó ti kà á ní ìbú rí, láti mọ iye ọjọ́ tí ọmọ kan pàdánù. Mo kà á. Ọjọ́ 180 la fi kọ́ ẹ̀kọ́. Nínú àwọn 4 tí kò yege, ẹ yọ èyí tó dé lẹ́yìn kúrò. Àwọn 3 yòókù pàdánù ọjọ́ 31, 27 àti 22. Kò sí ìkankan nínú àwọn 5 tó yege tó pàdánù tó 10.

Bẹ́ẹ̀ sì ni ìpíndọ́gba wíwá sílé-ìwé kíláàsì náà ju 90% lọ. Mo ti fi ìdá yẹn ṣògo níwájú àwọn òbí.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn, tí omi bá ti kún ojú ọ̀nà, kò lè kọjá. Mo rí àmì pupa rẹ̀ tó tò lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ ní àwọn oṣù òjò. Èkejì ń lọ sóko nígbà ìkórè. Ẹ̀kẹta, ọmọbìnrin, àbúrò ló ń tọ́jú, ó sì máa ń jẹ́ ọjọ́ kan náà lọ́sẹ̀. Ó yẹ kí n ti rí i láti sáà kìíní.

---

OníṢírò

Mà, iṣẹ́ ńlá lẹ ṣe lálẹ́ ọjọ́ kan yẹn. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò káàkiri ni 10%: ọmọ tó bá pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá ọjọ́ ẹ̀kọ́ ti wà nínú ewu, ì báà jẹ́ pé ó gbàṣẹ tàbí kò gbàṣẹ. Nínú ọjọ́ 180, ọjọ́ 18 ni. Bí a bá pín in, kò ju ọjọ́ 2 lóṣù lọ, ìdí nìyẹn tí ojú fi máa ń fò ó. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá ibẹ̀. Nínú sáà ọlọ́jọ́ 60, ọjọ́ 6 ni ààlà yín. Tí ọmọ bá ti pàdánù 3 kí sáà tó dé ìdajì, ẹ ti lọ sílé rẹ̀.

Ẹ má fi mọ sí ìdánwò ìwé kíkà nìkan, ẹ fi wíwá sílé-ìwé sínú àfojúsùn. Òun lẹ lè rí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìdúró de ìparí ọdún.

---

Àǹtí_ABD

Mà, omi ń bọ́ lójú mi bí mo ti ń ka ti ọmọbìnrin yẹn.

Nípa bí ẹ ó ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀: ẹ ra ìwé kan ṣoṣo, ọmọ kọ̀ọ̀kan ojú ewé kan. Báyìí ni ojú ewé kan ti rí nínú tèmi:

*Ọmọ kẹrìnlá. Ọ̀sẹ̀ kìíní: lẹ́tà 9. Ọ̀sẹ̀ kẹfà: lẹ́tà 21, ń da b àti d rú. Ọ̀sẹ̀ kejìlá: ọ̀rọ̀, ó ka 4 nínú 5. Pàdánù ọjọ́ 4. Ń fẹ́ràn kó máa kà fún àbúrò rẹ̀. Tún wò ó lẹ́yìn ìsinmi.*

Ọmọkùnrin tó ń wo ẹnu mi nìyẹn. Ní ìparí ọdún, ó kọjá ọ̀rọ̀, ó bọ́ sórí ìpínrọ̀. Lójú ìdánwò, kò yege, òdo ló jẹ́ fún mi. Nínú gbogbo kíláàsì mi lọ́dún yẹn, kò sí ẹni tó rìn jìnnà tó o.

Wákàtí kan lójúmọ́, a máa ń tú kíláàsì ká, kí gbogbo àwọn tó wà ní lẹ́tà jókòó papọ̀, ì báà jẹ́ kíláàsì kẹta tàbí karùn-ún, àwọn tó wà ní ọ̀rọ̀ papọ̀, àwọn tó wà ní ìpínrọ̀ papọ̀. Ọ̀nà Pratham náà ni, ó sì rọrùn ní ilé-ìwé kékeré ju ti ńlá lọ, nítorí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè pín wọn láàrin ara yín. Ẹ má dúró lórí ẹgbẹ́ tí ẹ kọ́kọ́ pín o. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ tún yẹ̀ wọ́n wò, ẹni tó bá ti gòkè, ẹ gbé e lọ.

---

OníṢírò

Ohun kan péré ni mo fẹ́ fi kún ti Àǹtí. Ìwọ̀n gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Bí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan bá ń gbé ìdánwò tirẹ̀ kalẹ̀, tí ti sáà kejì sì le ju ti kìíní lọ, ọmọ lè mọ̀wé sí i kí máàkì rẹ̀ sì wálẹ̀. Ẹ ṣe ìpínrọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó dọ́gba ní gígùn àti líle, ẹ fi pamọ́, kí ẹ má lò wọ́n fún ẹ̀kọ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ ka iye ọ̀rọ̀ tí ọmọ kà ní ìṣẹ́jú kan, ẹ fi ọmọ wé ara rẹ̀. Ẹ má mú ìwọ̀n ìyára èdè mìíràn wá, nítorí gígùn ọ̀rọ̀ èdè kan yàtọ̀ sí ti èkejì.

---

Bàbá_Ọlọ́mọMẹ́ta

Ẹ dákun, ẹ má lẹ èsì ọmọ mọ́ ara ògiri. Wọ́n lẹ orúkọ àti máàkì ọmọ mi àárín mọ́ ẹnu ọ̀nà kíláàsì nígbà kan, ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń sunkún kó tó lọ sílé-ìwé. Ẹ pe òbí, ẹ fi ojú ewé ọmọ tirẹ̀ nìkan hàn án.

---

HẹdimásítàTóFẹ̀yìntì

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Bí ọmọ bá sì ń lọ sí ilé-ìwé mìíràn, kí ẹ da ojú ewé rẹ̀ kọ fún un lọ. Ká ní ilé-ìwé tí ọmọ olóṣù méjì yẹn ti wá ṣe bẹ́ẹ̀ ni, ìwọ ì bá ti mọ ibi tó wà láti ọjọ́ kìíní.

---

TíṣàÌgbèríko

Mo ti ṣe é. Ọjọ́ méjì ló gbà mí. Mo bá ọmọ 7 jókòó lábẹ́ igi lẹ́yìn ilé-ìwé, mo sì fi àwọn 4 tó fìdí rẹmi èṣí kún wọn, nítorí wọ́n ti wà ní kíláàsì karùn-ún báyìí, kò sì sẹ́ni tó kọ lẹ́tà nípa wọn.

Nínú àwọn 7: 2 wà ní lẹ́tà, 1 ní ọ̀rọ̀, 2 ní ìpínrọ̀, 2 ní ìtàn. Nínú àwọn 4: 1 ní lẹ́tà, 2 ní ọ̀rọ̀, 1 ní ìpínrọ̀. Ti ìpínrọ̀ yẹn ni ọmọ tó dé bá wa lẹ́yìn. Kò tiẹ̀ jìnnà! Ara rẹ̀ ni kò tíì balẹ̀ lọ́dọ̀ wa nígbà náà.

Ohun tí mo kọ sínú lẹ́tà nìyí. Ní ọdún 3, 19 nínú 32 ló yege, 59%. Àfojúsùn wa lọ́dún yìí: kí ó má ku ọmọ kankan ní lẹ́tà nígbà tí sáà kejì bá fi máa parí. Kí ọmọ 5 nínú 7 lè ka ìtàn ní ìparí ọdún, kí àwọn 2 yòókù sì dé ìpínrọ̀. Kí àwọn 4 ti kíláàsì karùn-ún gòkè ní ìpele kan, ó kéré tán. Kí ọmọ kankan má pàdánù tó ọjọ́ 18, kí n sì dé ilé ẹni tó bá ti pàdánù 3 nínú sáà kan. A ó tún yẹ̀ wọ́n wò ní gbogbo ọ̀sẹ̀ 6, n ó sì fi tábìlì ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì láìsí orúkọ ọmọ, nọ́ńbà nìkan.

Mo mọ̀ pé 5 nínú 7 jẹ́ 71%, kì í ṣe 80%. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì kọ ìdí rẹ̀. Ìyá ọmọbìnrin yẹn wá bá mi lánàá. A ti jọ rí ẹni tí yóò máa dúró ti àbúrò lọ́jọ́ tí òun ò bá sí nílé.

---

AlábòójútóẸ̀kọ́

Mà, bí irú lẹ́tà yìí bá dé orí tábìlì mi, n ó fọwọ́ sí i. Ó sọ ibi tí ẹ wà, ibi tí ẹ ń lọ, àti ìgbà tí ẹ ó tún wò ó. Lẹ́tà tó ní 80% láìní ohunkóhun nídìí, mo ti gba púpọ̀ nínú wọn, mi ò sì mọ ohun tí mo lè fi wọ́n ṣe.

Àlàfo kan ló kù. Ẹ sọ ohun tí ẹ̀yin yóò ṣe, ẹ ò sọ ohun tí ẹ ń fẹ́ kí ọ́fíìsì ṣe. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kó jẹ́ ohun kan pàtó, kí wọ́n lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Kí lẹ nílò jù?

---

TíṣàÌgbèríko

Ìwé ìtàn tó rọrùn. Ẹ̀dà ìwé ìtàn 2 péré la ní nínú gbogbo ilé-ìwé, àwọn ọmọ sì ti há wọn sórí. Nígbà tí mò ń yẹ ọmọ kan wò lánàá, mo kọ́kọ́ fi ọ̀kan nínú wọn dán an wò. Ó kà á geere. Ó kà dé ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì, kò tíì ṣí ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ ti wà níbẹ̀ tó ń bá a lọ. Mo fi ìpínrọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi kọ síwájú rẹ̀, ó dúró lórí ọ̀rọ̀ kejì.

N ó béèrè ìwé 20 tí ọmọ wa kankan kò tíì rí rí. Lẹ́tà náà ń lọ ní ọjọ́ Ajé.